Ọdún Tí Bàbá Àgbà Ń Yé Ẹyin Lábẹ́ Igi Kajú

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú agboolé wa ká ní Ìgànná, kò sì sí èyí tó ju lẹ́tà mẹ́ta lọ nínú àwọn méjèèjì. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti bímọ, àkọ́bí mi ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn nínú ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́. Síbẹ̀, títí di òní, bí mo bá fẹ́ kọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn, mo máa ń gbé bíírò sókè, kí n wo ọ̀tún, kí n wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ sọdá títì. Ọdún tí mo ń sọ yìí ni ọdún tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ wọ àdúgbò wa. Kí ẹ̀rọ náà tó dé, ariwo agboolé wa kò ju ti ewúrẹ́ àti ti ìyá mi lọ. Nígbà tó dé, a kò gbọ́ ara wa mọ́. Láti àárọ̀ ni yóò ti máa ké, àwọn obìnrin ilé á sì máa ké lé e lórí, ìdí nìyẹn tí gbogbo àwa ọmọ ilé náà fi ń sọ̀rọ̀ títí di òní bí ẹni tó ń jà. Ọkọ mi rò pé ìwà ni. Ẹ̀rọ ni.

Gàrí ni iṣẹ́ ilé wa. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni ààrò mẹ́ta tó wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìnkùlé, agbada ńlá kọ̀ọ̀kan lórí ààrò kọ̀ọ̀kan. Àwa ọmọ là ń bó ẹ̀gẹ́ tí a bá ti ilé ìwé dé. Èmi kò mọ̀ ọ́n bó rárá. Èèpo tèmi máa ń nípọn débi pé àwọn ewúrẹ́ ilé fẹ́ràn mi ju gbogbo ọmọ yòókù lọ, Ìyá Àgbà á sì máa wí pé, "Sìfáwù, ṣé ìwọ lo bí àwọn ewúrẹ́ yìí ni?" Lẹ́yìn náà á bu gàrí gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú agbada fún wa, pẹ̀lú ẹ̀pà sísun, a ó sì máa jẹ ẹ́ bí ó ti ń jó wa lẹ́nu. Mo ti jẹun ní oríṣiríṣi ibi lẹ́yìn ìgbà yẹn, mi ò rí èyí tó dùn tó o. Níbi tí èéfín ààrò kò dé, lábẹ́ igi kajú, ni Bàbá Àgbà máa ń dùbúlẹ̀ sí. Òun ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ẹni tó ń pe àwọn èèyàn sí ìrun. Tó bá ti kí ìrun àílà tán, á tẹ́ ẹní rẹ̀, á dùbúlẹ̀, á fi fìlà bojú, ariwo ẹ̀rọ kò sì ní dí i lọ́wọ́ títí di àlàásárì. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ló máa ń ta jí. Á ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Bàbá kì í parọ́. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé bí obìnrin bá bímọ, àwọn ẹbí rẹ̀ á máa ṣọ́nà kí Bàbá má wọlé kí ọmọ tó gún. Ìgbà kan wọ́n gbé ọmọ tuntun kan fún un, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ ò rí i bó ṣe rẹwà?" Bàbá wo ọmọ náà lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní, "Yóò rẹwà tó bá yá." Òótọ́ tó ń bí àwọn èèyàn nínú yìí ló wá di ohun iyebíye lọ́dún náà, nítorí ọ̀rọ̀ ààlà. Bàbá Ràfíù, aládùúgbò tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, dìde lójijì pé orí ilẹ̀ àwọn ni àtíbàbà gàrí wa wà. Igi emi kan ni ààlà láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ìjì ti wó o kí wọ́n tó bí bàbá mi, kò sì sí ẹni tó ṣẹ́kù láyé tó fi ojú rí i àfi Bàbá Àgbà. Baálẹ̀ àdúgbò ní kí gbogbo wa pé jọ ní ọjọ́ Sátidé, kí Bàbá wá fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí igi náà dúró sí, ohun tó bá sọ ni abẹ gé. Ọkàn wa balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ìyá Àgbà tilẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ààrò kẹrin. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rántí bi Bàbá léèrè ibi tí igi náà dúró sí. Bàbá wa ni, kí la fẹ́ bi í?

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Tíṣà wa ní kí a kọ àròkọ Gẹ̀ẹ́sì nípa bàbá wa àgbà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Ìbàdàn ni, bíírò pupa kì í kúrò létí rẹ̀. Mo kọ orúkọ Bàbá, mo kọ iye ìrun tó ń pè lóòjọ́, mo wá kọ gbólóhùn tó dá gbogbo wàhálà sílẹ̀: My grandfather lays under the cashew tree every afternoon. Inú mi dùn sí gbólóhùn náà gan-an. Tíṣà kà á, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Sìfáwù, ṣé adìyẹ ni bàbá yín àgbà?" Gbogbo kíláàsì dà wó fún ẹ̀rín. Ó wá ní kí a gbọ́ òun dáadáa. Ó ní lay dà bí ìyá ọmọ, kò lè jáde láìgbé nǹkan pọ̀n. Èèyàn lè lay ẹní, ó lè lay búlọ́ọ̀kù, adìyẹ lè lay ẹyin, ṣùgbọ́n nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Lie ní tirẹ̀, ọwọ́ òfo ló fi ń rìn. Èèyàn lie, ó ti dùbúlẹ̀ nìyẹn, kò sí ohun tó kù. Ó fa bíírò pupa yọ, ó fagi lé lays mi, ó kọ lies sókè rẹ̀, ó fa ilà méjì sábẹ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Ọmọ kan wá béèrè pé tó bá jẹ́ àná ni Bàbá dùbúlẹ̀ ńkọ́. Ojú Tíṣà yí padà. Ó ní tó bá ti di àná, lie di lay. Ó ní àwọn tó ni èdè ló ṣe é bẹ́ẹ̀, kí a má bi òun, lie tòní ni lay àná, lay tòní ni laid àná, kí olúkúlùkù kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó ní lie mìíràn tún wà tó yàtọ̀ sí èyí pátápátá, ṣùgbọ́n agogo ti lù, òun yóò ṣàlàyé ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ agogo yẹn títí. Àwa tí wọ́n ní a kò lajú, a ní dùbúlẹ̀, a ní tẹ́, a ní yé, a ní parọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún iṣẹ́ mẹ́rin, ẹnikẹ́ni kì í ṣì wọ́n gbé. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ tó ń fò lójú ọ̀run kó iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ọ̀rọ̀ méjì lórí, wọ́n tún ní kí ọ̀kan máa wọ aṣọ èkejì tí ilẹ̀ bá ti mọ́.

Bùrọ̀dá Lásísì, àbúrò bàbá mi tó ń gun ọ̀kadà, ni ọ̀mọ̀wé ilé wa. Ìwé mẹ́ta girama ló kà kó tó fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé ilé ìwé ni kò rí nǹkan kọ́ ọ mọ́. Ó gba ìwé mi lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń bó ẹ̀gẹ́, ó nà ró ṣánṣán, ó ń kà á. Ó ka ìlà kìíní, ó mi orí. Ó ka ìkejì, ó mi orí. Nígbà tó dé ìkẹta, orí dúró. Ó lọgun kí ohùn rẹ̀ lè borí ti ẹ̀rọ: "Tíṣà yín ló kọ ọ́ pé Bàbá máa ń parọ́ lábẹ́ igi kajú ní gbogbo ọ̀sán?" Àánú rẹ̀ ń ṣe mí títí di òní, torí pé ìgbà tó dé orí "Bàbá máa ń parọ́" gan-an ni epo tán nínú ẹ̀rọ. Gbogbo agboolé pa rọ́rọ́, ohùn Bùrọ̀dá nìkan ló ń rìn káàkiri. Bàbá ta jí, ó ṣí fìlà lójú. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Bùrọ̀dá dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, Tíṣà Sìfáwù ní ẹ máa ń parọ́."

"Irọ́ wo?"

"Kò sọ èyí tó jẹ́. Ó ṣáà ní ní gbogbo ọ̀sán."

Bàbá rò ó lọ, rò ó bọ̀. "Ṣùgbọ́n mo máa ń sùn lọ́sàn-án."

"Bóyá lójú oorun ni, Bàbá."

Ìyá Àgbà sọ ọmọrí agbada sílẹ̀. "Bàbá Mùtáírù, ká má tanra wa jẹ, ẹ máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lóòótọ́." Orúkọ bàbá mi ló fi ń pè é bẹ́ẹ̀, kì í sì í gbè é tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀.

Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, orí Bàbá Ràfíù ti yọ lókè ògiri. Orí odó ló gùn. Ó ní, "Mo gbọ́ o! Ọmọ inú ilé yín ló kọ ọ́, ìjọba ló fi bíírò pupa fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Sátidé, ìwé yẹn lẹlẹ́rìí mi!" Kò tán síbẹ̀. Ó ní bí ládàánì bá jẹ́ òpùrọ́, ta ló mọ àsìkò tó ti ń pe ìrun látọjọ́ yìí? Ó ní òun yóò tún gbogbo ìrun àílà ọdún náà kí láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwa ọmọ gun odó tiwa, a ń wò ó. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ẹ̀yìn ti ń ro ó, kò sì tíì kúrò nínú oṣù kìíní.

Mo ṣe gbogbo àlàyé tí mo lè ṣe. Mo ní lie tí Tíṣà wí, dùbúlẹ̀ ni. Bùrọ̀dá Lásísì wò mí pẹ̀lú àánú, ó ní, "Sìfáwù, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ní kíláàsì. Mo bá irọ́ pàdé nínú lie, n ò bá dùbúlẹ̀ pàdé níbẹ̀ rí." Mo sáré lọ bá Tíṣà ní Ọjọ́bọ̀ kó wá gbà mí, wọ́n ní ó ti wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀, àbúrò rẹ̀ bímọ, ó di ọjọ́ Mọ́ńdè kó tó dé. Mo fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ padà sílé, ekuru pupa bo bàtà mi, mo sì ń sunkún. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gba ààrò Ìyá Àgbà, a ó wá ohun mìíràn jẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ Bàbá kò ní ẹ̀dà, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé e fún ẹni tó fẹ́ bà á jẹ́. Mo ti ṣe àwọn nǹkan tó burú ju ìyẹn lọ láyé, kò sí èyí tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn àgbà ilé jókòó lábẹ́ igi kajú, wọ́n gbé ìwé mi sáàárín. Bùrọ̀dá ní ohun tó kù ni kí a pa pupa rẹ́, kí a jẹ́ kí lays tí mo kọ́kọ́ kọ padà wá. Ó fi itọ́ sí i, ó fi etí bàtà sílípáàsì ra á, ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ lu, pupa ń tàn sí i ni. Bàbá mi wá béèrè pé kí tilẹ̀ ni ìtumọ̀ lays. Bùrọ̀dá wúkọ́. Ó ní, "Ó túmọ̀ sí pé Bàbá ń yé ẹyin."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Adìyẹ kan ń kọjá lọ, gbogbo wa wò ó.

"Lójoojúmọ́?" Ìyá Àgbà ló béèrè.

"Ní gbogbo ọ̀sán, Ìyá."

"Mélòó?"

"Kò kọ iye."

Ìyá Àgbà mi orí. Ó ní lies ti Tíṣà yẹn, tí à ń pè ní láì, àbí wọ́láì ló fẹ́ kọ, tó gbàgbé wọ́? Ìyẹn ni pé Bàbá ń búra lábẹ́ igi. Wọ́n gbé ìyẹn yẹ̀ wò fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n àyè wọ́ kò sí lórí ìlà. Bàbá Àgbà wá gbé fìlà rẹ̀ sórí dáadáa. Ó ní, "Kí wọ́n bá mi mú ti ẹyin. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹni tó bá ń yé ẹyin, ọ̀rọ̀ ló ń sọ, kó sáà máa rọra gbé e kalẹ̀. Irọ́ ni mi ò lè gbà. Ẹ pè mí ní adìyẹ." Mo rántí bí ó ṣe sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà, bàbá arúgbó tó ń yan ẹyin láàyò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn débi pé àyà ń dùn mí.

Ọjọ́ Sátidé pé. Baálẹ̀ jókòó sórí àga, àwọn àgbà àdúgbò yí i ká, Bàbá Ràfíù fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn mú, ó fi ìkejì na ìwé mi, tí Baálẹ̀ ti ní kí a gbé wá fún ẹjọ́, sókè. Ó ní, "Kábíyèsí kọ́ ni yín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi bí ọba. Ẹlẹ́rìí tí ẹ pè, òpùrọ́ ni, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́." Baálẹ̀ ní kí ẹni tó kọ ọ́ wá kà á. Wọ́n tì mí síwájú. Mo kà á pẹ̀lú pupa Tíṣà, bí a ti máa ń ka Gẹ̀ẹ́sì ní Ìgànná nígbà náà: "Mai gíráńfádà láì..."

"Dúró níbẹ̀," Bàbá Àgbà wí. "Láì kí ni?"

Mo wojú rẹ̀. "Láì ọ́ńdà kajú ni, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ ní ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Láì jẹun, mo gbọ́ ọ. Láì sùn, mo gbọ́ ọ. Láì kì í dá dúró, nǹkan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Láì kí ni?"

Àwọn àgbà ń mi orí. Òótọ́ ni, láì kì í dá dúró. Bùrọ̀dá Lásísì la ẹnu, Ìyá Àgbà já a léèékánná, ó pa á dé. Mo wo ìwé, mo wo pupa Tíṣà, mo wo Bàbá tí kì í parọ́. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Láì parọ́, Bàbá."

"Ó yé mi," ni Baálẹ̀ wí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Bàbá Ládàánì ń lo ọ̀sán rẹ̀ láì parọ́, lábẹ́ igi kajú. Ọmọ yìí kàn gbàgbé láti parí ọ̀rọ̀ ni." Wọ́n ní ọpọlọ mi pé. Wọ́n dá ìwé mi padà fún mi. Bàbá Ràfíù ń wò yán-án-yán-án, ó ní ṣùgbọ́n bíírò pupa ńkọ́, Baálẹ̀ ní kí ó jókòó.

Bàbá dìde. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó sì ṣíwájú wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó kọjá lára ògiri, ó wọ abẹ́ àtíbàbà, ó kọjá ààrò kẹta, ó kọjá ààrò kejì, ó wá fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ láàárín ìyẹn àti ti àkọ́kọ́. Ó ní, "Ibí yìí ni igi emi dúró sí. Ààrò kan ló jẹ́ tiwa. Méjì yòókù, ilẹ̀ Bàbá Ràfíù ni."

Ìyá Àgbà jókòó sórí òkúta ìdáná. Baálẹ̀ kọjú sí Bàbá Ràfíù, ó ní, "Ìwọ lo ní òpùrọ́ ni. Ṣé o gba ẹ̀rí rẹ̀?" Mi ò rí ojú tó ṣe báyẹn rí láyé mi. Bó bá ní òpùrọ́ ni Bàbá, ilẹ̀ lọ. Bó bá ní olóòótọ́ ni, ó ti fi ẹ̀yìn tó ń ro ó kí ìrun ọjọ́ mélòó kan lásán. Ó di ẹ̀yìn mú, ó ní, "Bàbá kì í parọ́ láyé." Nígbà tó wọ àtíbàbà, tó wo ààrò méjì tó jẹ́ tirẹ̀, ó rántí pé kò sí ẹni tó ń yan gàrí nílé òun. Ó ní kí Ìyá Àgbà máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí wọ́n sáà máa pe ibẹ̀ ní ààrò Bàbá Ràfíù. Bẹ́ẹ̀ la ń pè é títí di òní.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Àgbà kò fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ló ń rán. "Sọ fún adìyẹ yẹn pé oúnjẹ ti délẹ̀." Ọjọ́ kẹta ni mo gbé oúnjẹ lọ, ó ní kí n jókòó sórí ẹní. Ó ní, "Sìfáwù, ṣé bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn?" Mo ní rárá, Bàbá, omi ti ń bọ́ lójú mi. Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi ti kúnlẹ̀ níwájú gbogbo àdúgbò pé èmi kì í parọ́, ọ̀nà wo ni mo tún fẹ́ gbà?" Ó bu gàrí sẹ́nu, ó sì ti abọ́ rẹ̀ sí mi kí n bá a jẹ.

Bàbá ti lọ, ó pẹ́ díẹ̀. Igi kajú náà ṣì wà, ewúrẹ́ ló ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo ń tú àpótí ìyá mi, mo rí ìwé náà, ibi tí Bùrọ̀dá fi sílípáàsì ra ti fẹ́lẹ́ bí abala àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, tèmi nísàlẹ̀, ti Tíṣà lókè. Mo mú bíírò. Mo fagi lé pupa Tíṣà, mo fagi lé s kan ṣoṣo nínú tèmi, mi ò fi nǹkan kan kún un. My grandfather lay under the cashew tree every afternoon. Tíṣà ló sọ ọ́, a sì kọ ọ́ sínú ìwé: tó bá ti di àná, lie di lay. Ó ti di àná.